Ta Ló Ya Fíìmù Yẹn? Ọ̀rọ̀ Ádímìn Lórí Fíìmù Ogun àti Fíìmù Ẹ̀rù

(Ọ̀rọ̀ tí ádímìn fi ohùn sọ lálẹ́ Sunday. A tẹ̀ ẹ́ fún àwọn tí dátà wọn ò lè gbé ohùn. Ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.)

Ohùn kìíní

Ádímìn yín ni o, ìyá ẹlẹ́lùbọ́. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀, ẹ má bínú, wọ́n ti mú iná lọ.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti àná lórí fíìmù. Ẹnìkan ní fíìmù ogun ló dára jù. Ẹnìkan ní bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ṣàn, òun á pa tẹlifíṣọ̀n. Ẹnìkan sì ní fíìmù ẹ̀rù ni òun fi ń pe oorun, orí ẹ á máa pé! Ẹ̀yin méjì kan tiẹ̀ fẹ́ẹ́ bú ara yín nítorí The Woman King, mo bá ní kí ẹ dákẹ́, mo ń bọ̀. Èmi náà ti wò ó. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ẹ fara balẹ̀, torí ọ̀rọ̀ mi á gba inú ìtàn kọjá.

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS2 ló fà á. Èmi àti ẹ̀ la jọ wò ó lọ́jọ́ Sátidé. Mo ń ro àmàlà lọ́wọ́, ló bá ní, "Mọ́mì, ṣé àwọn Ọ̀yọ́ wa ló burú tó báyìí?" Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni wá o, a kì í ṣe ọmọ Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n ó ti pè wọ́n ní "wa". Mo dúró pẹ̀lú ọmọ orógùn lọ́wọ́, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Ká sọ òótọ́, fíìmù yẹn dùn. Nígbà tí àwọn obìnrin yẹn ń jà, èmi tí mo jókòó, ara mi le. Viola Davis ṣiṣẹ́ ẹ̀. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé John Boyega tó ṣe Ọba Ghezo ti Dàhòmì, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù ni. Jimmy Odukoya tó ṣe olórí ogun Ọ̀yọ́, ọmọ Yorùbá ni òun náà. Yorùbá ń bá Yorùbá jà, owó Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń jà á.

Ọdún 1823 ni wọ́n gbé ìtàn náà kà. Òótọ́ ni pé Dàhòmì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ nígbà yẹn, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí wọ́n ti ń san án, Ghezo ló sì kọ̀ tí kò san mọ́. Òótọ́ tún ni pé Ọ̀yọ́ ta ẹrú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba Àjàṣẹ́ lọ, ibi tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Ká má fọwọ́ nu ẹnu bí ẹni tí ò jẹun.

Ṣùgbọ́n fíìmù náà ṣe Ghezo bí ẹni tó fẹ́ fi òwò ẹrú sílẹ̀ kó máa ta epo pupa. Èmi tí mo ń ta epo mọ́ ẹ̀lùbọ́, ì bá dùn mọ́ mi, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Oníṣòwò ẹrú kan láti Brazil, de Souza, wà lára àwọn tó ràn án lọ́wọ́ tó fi gorí oyè ní 1818. Ó ń ta ẹrú lọ títí tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dí etíkun ẹ̀, kó tó wá fọwọ́ sí ìwé ní 1852. Àwọn wo ló ń tà? Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Ní oṣù March 1851, àwọn obìnrin ológun yẹn gan-an wà lára àwọn tó wá ká Abẹ́òkúta mọ́lé, Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Wọ́n tún wá ní 1864, wọ́n tún sá lọ. Ní 1886, Dàhòmì pa ìlú Kétu run. Ẹ lọ bi ará Kétu bóyá akíkanjú ni wọ́n. Yóò ní akíkanjú ni, ṣùgbọ́n kò ní í bá yín pàtẹ́wọ́.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ya fíìmù ló ń pín aṣọ. Ìlú méjèèjì ló ta ẹrú. Ó wọ aṣọ akọni fún ìkan, ó wọ aṣọ ìkà fún ìkejì. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè ò ní í mọ̀ pé ẹnìkan ló jókòó pín in.

Ohùn kejì

Ẹnìkan á ní, "Ádímìn, torí pé wọ́n fọwọ́ kan Yorùbá lo ṣe ń bínú." Rárá o. Bolanle Austen-Peters gbé House of Ga'a jáde ní 2024, Femi Branch ló ṣe Gáà. Yorùbá ló yà á, Yorùbá náà ló ṣìkà níbẹ̀. Baṣọ̀run Gáà fi ogún ọdún, 1754 sí 1774, jẹ ọba lórí àwọn ọba. Aláàfin mẹ́rin ni wọ́n ní ó rán lọ sọ́run kí Abíọ́dún tó rẹ́yìn ẹ̀. Mi ò rí ẹnì kankan nínú gúrúùpù yìí tó ní fíìmù yẹn ba Yorùbá jẹ́. Kí ló dé? Torí pé àwa la ń bá ara wa wí. Ó pẹ́ tí àwọn àgbà ti fi ṣòwe: bí o láyà, ṣìkà, bí o bá rántí ikú Gáà, ṣòótọ́. Ní tèmi, oògùn pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlú ò tó. Ṣùgbọ́n ó dáa, ẹ wò ó.

Ẹ wá bi mí lórí fíìmù ẹ̀rù. Èmi ò lè dá a wò o. Living in Bondage ló bà mí jẹ́, èyí tó jáde ní 1992, tí ọkùnrin kan fi ìyàwó ẹ̀ ṣoògùn owó. Ọmọdé ni mí. Ilé aládùúgbò wa tó ní fídíò la kóra jọ sí, ẹni tí ò ráyè ń gba ojú wíńdò wò ó. Èdè Ìgbò ni wọ́n ń sọ, a ò gbọ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò nílò ògbufọ̀. Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí mi ò lè dá lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ lálẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, fíìmù oògùn owó wá pọ̀ bí omi òjò. Ìgbò ń ṣe é, Yorùbá ń ṣe é, Ẹdó náà ń ṣe é. Díẹ̀díẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan gba orúkọ tiẹ̀. Ibi báyìí, ìlú àjẹ́. Ibi báyìí, ìlú gbọ́mọgbọ́mọ. Nígbà tí mo fẹ́ẹ́ tẹ̀lé ọkọ mi wá sí Bìní, àǹtí mi kan ní Ọ̀wọ̀ dì mí lọ́wọ́ mú, omi ti lé sójú ẹ̀. Ó ní, "Ìlú oògùn nìyẹn o, wọn á fi ẹ́ ṣe nǹkan." Àǹtí yìí ò tẹ Bìní rí láyé ẹ̀, Ọ̀wọ̀ ò sì jìnnà síbí. Ààfin Ọ̀wọ̀ àti ti Bìní, ẹ wo ìmúra wọn, ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀ wọn, ẹ̀yin náà á rí i pé wọ́n ti ń bá ara wọn bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Níbo ni àǹtí mi wá ti rí ẹ̀rù yẹn? Inú fíìmù.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà níbí. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ní Bìní ni àgbàrá òjò àti owó ìsọ̀.

Ohùn kẹta

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an ló kàn báyìí. Kí sinimá tó wọ ilẹ̀ wa, ẹnìkan ti ya fíìmù ẹ̀rù nípa Bìní. Ìwé ló fi yà á.

Ẹ jẹ́ ká tò ó bí a ṣe ń to ọjà. Ní oṣù November 1896, James Phillips tó ń dele fún kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù pé òun fẹ́ yọ Ọba Ovonramwen kúrò lórí oyè. Nínú ìwé yẹn náà ló ti sọ pé òun ní ìrètí pé eyín erin tó wà láàfin á tó san owó tí wọ́n bá ná. Ẹ gbọ́ o! Kí wọ́n tó jà, wọ́n ti ṣírò èrè. Ọba ló ń pàṣẹ lórí ọjà Bìní, bó bá ní kí epo má jáde, kò ní í jáde. Ohun tó ń dun àwọn oníṣòwò òyìnbó nìyẹn.

Phillips ò dúró gbèsì. Ọba ránṣẹ́ pé kó ṣe sùúrù, àsìkò ọdún ìbílẹ̀ ni. Kò gbọ́. Òun àti àwọn òyìnbó mìíràn pẹ̀lú aláàárù tó lé ní 200 gbọ̀nà. Ní January 4, 1897, Ológbòsẹ́rẹ́ àti àwọn ọmọ ogun ẹ̀ dá wọn lọ́nà. Òyìnbó méjì péré ló yè é. Àwọn aláàárù, ọmọ ilẹ̀ wa, kú lọ rẹpẹtẹ. Mi ò tíì rí fíìmù tó dárúkọ ìkan nínú wọn.

Kò pé oṣù méjì, Gẹ̀ẹ́sì kó ogun dé lábẹ́ Rawson. Ìlú bọ́ sọ́wọ́ wọn ní February 18. Lọ́jọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, iná jó ààfin àti ilé. Wọ́n kó idẹ, wọ́n kó eyín erin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ní oṣù August, wọ́n mú kí Ọba fi iwájú orí kanlẹ̀ níwájú wọn lójú gbogbo èèyàn, wọ́n wá gbé e lọ sí Kàlàbá. Ibẹ̀ ló kú sí ní 1914. Wọ́n so Ológbòsẹ́rẹ́ kọ́ ní 1899.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ológun tó wá, Bacon, kọ ìwé kan, ó sì jáde lọ́dún 1897 náà. Benin: The City of Blood ló pè é. Bìní, ìlú ẹ̀jẹ̀. Ṣé wọ́n ń fi èèyàn rúbọ ní Bìní ayé àtijọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, ká má parọ́. Wọ́n ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n gbé e sí. Ẹ̀jẹ̀ ló wà lórí èèpo ìwé. Eyín erin tó ti wà nínú ìwé Phillips kí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni tó ta sílẹ̀, kò sí lórí èèpo ìwé. Bí ẹnìkan bá ti ka ìlú ẹ̀jẹ̀ tán, ṣé á tún béèrè pé báwo ni idẹ ọba ṣe dé músíọ̀mù Lọ́ńdọ̀nù? Kò ní í béèrè. Á ní wọ́n gbà wọ́n là ni.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Lọ́dún 1897 yẹn kan náà, ní Ọ̀yọ́, Pásítọ̀ Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ. Inú ìwé yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa Gáà ti wá. Ó fi í ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n bá òun tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ó ti sọnù. Johnson kú ní 1901, kò rí i. Àbúrò ẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, jókòó ti àwọn àjákù ìwé tó kù, ó tún un kọ. Nígbà tí wọ́n tún fi ránṣẹ́, ogun àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi tó gbé e lójú òkun, wọ́n gbé e lọ dé Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde, òun àti àbúrò ti kú tán. Fíìmù ogun wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ìwé méjì, ọdún kan náà. Èyí tí ọ̀gá ológun kọ nípa wa ò lò tó ọdún kan kó tó dé orí àtẹ. Èyí tí ọmọ wa kọ lo ọdún 24. Láàárín ọdún 24 yẹn, ta ló ń sọ wá fún ayé?

Ohùn kẹrin

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn Invasion 1897, tí Lancelot Oduwa Imasuen, ọmọ Ẹdó, gbé jáde ní 2014. Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé ìjà ibẹ̀ ò tó ti Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ ni, kò tó o, owó ò sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀: ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ni, wọ́n ń pe ọmọ Bìní lẹ́jọ́ pé ó jí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Bìní ní músíọ̀mù. Ta ni olè níbẹ̀? Ẹ̀yin náà ẹ dáhùn.

Orí fóònù mi, nínú ìsọ̀, ni mo ti wò ó. Ìyá Ẹdó tí ìsọ̀ ẹ̀ kan tèmi jókòó tì mí. A ti jọ ń rẹ́rìn-ín àwọn òyìnbó inú ẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti mú Ọba, ó dìde, kò sọ nǹkan kan, ó lọ ń to ata tó ti tò tẹ́lẹ̀. Mo pa fóònù. Ó pẹ́ kó tó bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá bàbá mi ò jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré." Ọdún wo la wà yìí? Ọgbẹ́ yẹn ò tíì san o. Ní 2022, Jámánì gbà pé ohun tó lé ní 1,000 nínú ẹrù yẹn, Nàìjíríà ló ni ín, wọ́n sì kó 20 wá ní December. Ní June 2025, Netherlands dá 119 padà. Músíọ̀mù Lọ́ńdọ̀nù ṣì di tiẹ̀ mú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní kí ẹ má wo fíìmù. Ẹ máa wò ó, ẹ gbádùn ara yín. Àmọ́ kí ẹ tó gba ohun tó sọ gbọ́, ẹ ná an bí ẹ ṣe ń ná ọjà. Ta ló yà á? Ta ni wọ́n wọ aṣọ ìkà fún? Kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni yẹn? Bí ẹ bá rí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ti wo fíìmù náà tán.

Mo ti dá ọmọ mi lóhùn. Mo ní àwọn Ọ̀yọ́ wa ṣe èyí tó burú, wọ́n ṣe èyí tó dáa, Dàhòmì náà bẹ́ẹ̀, ẹni tó ya fíìmù ló mú ẹyọ kan nínú ẹ̀. Ó ní, "Ta ló máa wá ya tiwa?" Mo ní òun ni, ìdí tí mo ṣe ń san owó ilé ìwé nìyẹn. Tó bá di ọjọ́ ìsinmi, màá mú un lọ sí músíọ̀mù tó wà ní King's Square, ká tún ya Ọ̀nà Ìgùn kó rí àwọn tó ń rọ idẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ tiẹ̀ bá wa lọ, kó fi orúkọ ránṣẹ́ sí mi.

Ìkìlọ̀ kan kí n tó lọ: ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ àti Bìní, ta ni bàbá ta ni ọmọ, ẹ má gbé e wá síbí. Ẹni tó bá gbé e wá, màá yọ ọ́, ì báà jẹ́ ọkọ mi. Iná ti dé, ẹ jẹ́ kí n lọ pa jẹnẹrétọ̀. Ó dàárọ̀ o.