Ìtàn Ta Ni? Oríṣiríṣi Ìtàn Ìwáṣẹ̀ ní Ìlọrin àti Agbègbè Rẹ̀

Òkúta kan wà ní agboolé Aṣáájú ní Ìdí-Apẹ́, nínú ìlú Ìlọrin, tí àwọn onílé kò jẹ́ kó sọnù. Orí rẹ̀ ni wọ́n ní ọdẹ kan tó ń jẹ́ Òjó ti máa ń lọ irin rẹ̀ kí ìlú tó di ìlú, ibi ìlọ irin náà ló sì di Ìlọrin. Àwọn mìíràn kò gbà. Wọ́n ní erin ló pọ̀ ní igbó ibẹ̀ nígbà náà, pé ìlú erin ni wọ́n ń pè é kí ahọ́n tó yí i padà. Lójú ẹni tó ń kọjá lọ, àríyànjiyàn lórí orúkọ lásán ni. Ṣùgbọ́n ìtàn òkúta ní ohun tí ọwọ́ lè kàn, ó ní agboolé tó ń tọ́jú ohun náà, ó sì ń sọ irú ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀. Ìtàn erin kò ní agboolé lẹ́yìn. Ó jọ pé ìdí nìyí tí ti òkúta fi ń lékè.

Ó ti tó igba ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń wá ọ̀nà láti pín irú ìtàn báyìí sí ẹ̀yà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní Jámánì, Jacob àti Wilhelm Grimm, tẹ ìtàn ìwáṣẹ̀ ilẹ̀ wọn jáde ní apá méjì, ní 1816 àti 1818, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 585. Wọ́n yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àlọ́ tí wọ́n ti kó jọ ṣáájú, nítorí àlọ́ lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi, ṣùgbọ́n ìtàn ìwáṣẹ̀ a máa so mọ́ òkè kan, odò kan tàbí orúkọ ẹnìkan. Ní 1965, William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé ńlá lórí Ifá, pín ìtàn àtẹnudẹ́nu gbogbo ayé sí mẹ́ta: ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé, ti àwọn ènìyàn ayé àtijọ́, àti èyí tí a fi ń ṣeré. Bascom fúnra rẹ̀ gbà pé Yorùbá kò pín tiwọn sí mẹ́ta. Méjì ni wọ́n mọ̀, àlọ́ àti ìtàn. Èyí tí a gbà pé ó ṣẹlẹ̀ ni ìtàn, ìbáà jẹ́ òrìṣà ló ṣe é, ìbáà jẹ́ ọba.

Ìpínsísọ̀rí tó gbajúmọ̀ jù ni èyí tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìtàn àtẹnudẹ́nu lágbàáyé fẹnu kò lé lórí ní Budapest ní oṣù Ọ̀wàrà 1963. Ìsọ̀rí mẹ́rin ni wọ́n là sílẹ̀: ìtàn bí nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bí ayé yóò ṣe parí, ìtàn ìlú àti ti ọ̀làjú, ìtàn àwọn ẹ̀dá àti agbára àìrí, àti ìtàn ẹ̀sìn, ti òrìṣà àti ti akọni. Ìsọ̀rí yìí wúlò fún ẹni tó fẹ́ to ìwé sórí pẹpẹ. Àwọn ìtàn Ìlọrin kò gbà láti jókòó sínú ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn.

Ìtàn Àfọ̀njá ni ẹ̀rí tó lágbára jù. Láti Ọ̀yọ́-Ilé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí 1796, àwọn ọmọ ogun tí Aláàfin Aólẹ̀ rán lọ sí Ìwéré yíjú padà sí ọba wọn, Àfọ̀njá, olórí Ìlọrin tó tún jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí ogun Ọ̀yọ́, sì wà lára àwọn aṣáájú wọn. Igbá òfìfo ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ààfin, igbá òfìfo kò sì ní ìtumọ̀ méjì: kí kábíyèsí tẹ́rí gbaṣọ. Kí Aólẹ̀ tó ṣe bí wọ́n ti wí, wọ́n ní ó bọ́ sí ìta, ó ta ọfà sí àríwá, sí gúúsù àti sí ìwọ̀-oòrùn, ó ní ibi tí àwọn ọfà náà bá dé ni wọn yóò máa kó àwọn ọmọ wọn lẹ́rú lọ. Ó sì la àwo amọ̀ mọ́lẹ̀, nítorí igbá tó bá fọ́ ṣeé rán, àwo tó bá fọ́ kò ṣeé tò pọ̀ mọ́.

Inú ìsọ̀rí wo ni ká fi èyí sí? Ìtàn ìlú ni, nítorí Aólẹ̀ àti Àfọ̀njá gbé ayé rí. Ìtàn agbára àìrí ni, nítorí èpè ni kókó rẹ̀. Ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan náà ni, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ àgbà fi ń ṣàlàyé ìdí tí ogun àti òwò ẹrú fi gba ilẹ̀ Yorùbá kan fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tó fẹ́ fi sínú ìsọ̀rí kan ṣoṣo yóò gé e sí mẹ́ta kó tó wọ̀ ọ́.

Ikú Àfọ̀njá, ní nǹkan bí 1824, tún fi ohun mìíràn hàn. Àfọ̀njá ló fi Ṣèú Àlímì, onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó jẹ́ Fúlàní, ṣe ọ̀rẹ́ àti alátìlẹ́yìn. Lẹ́yìn ikú Àlímì ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ààrẹ àti àwọn ọmọ ogun tó ti kó jọ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ọfà àti ọ̀kọ̀ tó wọ ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà pọ̀ débi pé òkú rẹ̀ kò rí ilẹ̀ ṣubú sí. Orí igi ọfà ló dúró lé. Abdulsalami, ọmọ Àlímì, sì di ẹ́míà àkọ́kọ́ ní Ìlọrin. Títí dòní, bí ìtàn yìí ṣe ń jáde lẹ́nu àwọn ọmọ Àfọ̀njá kọ́ ló ṣe ń jáde lẹ́nu agboolé àwọn Fúlàní. Lọ́dọ̀ àwọn kan, ọ̀dàlẹ̀ ni kókó rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn kejì, bí ẹ̀sìn àti ìmọ̀ ṣe gba ìlú ni.

Ìwé pàápàá ń gbè sẹ́yìn ẹni tó kọ ọ́. Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ Ọmọ Lẹ́yìn Krístì tó gbé Ọ̀yọ́, parí ìtàn Yorùbá tirẹ̀ ní 1897. Ìwé àkọ́kọ́ sọnù, àbúrò rẹ̀ Obadiah ló tún un kọ kó tó jáde ní 1921. Ojú Ọ̀yọ́ ló fi wo Ìlọrin. Ní 1912, ọmọwé Ìlọrin kan, Ahmad bin Abi Bakr, kọ ìtàn àwọn ẹ́míà ìlú náà ní èdè Lárúbáwá. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni olùwádìí tó bá ka ọ̀kan tó fi èkejì sílẹ̀.

Ìtàn orírun náà kò yọ kúrò nínú èyí. Muhammad Bello ti Sókótó kọ ọ́ ní 1812 pé àtọmọdọ́mọ Námúrúdù ni Yorùbá, Johnson náà sì gbé Odùduwà wá láti Mẹ́kà. Àwọn Bàrìbá Kàyámà, ní àríwá Kwara, ní Kisra ni baba ńlá tiwọn, pé láti ìhà Lárúbáwá lòun náà ti wá. Nígbà tí ọ̀làjú ti ìhà ibẹ̀ wá, kò yani lẹ́nu pé ibẹ̀ ni gbogbo baba ńlá ti ń bọ̀. Ọ̀fà ní tiwọn sọ pé ọmọ àwọn ni Mọrèmi, akọni obìnrin tí Ifẹ̀ ń ṣe ọdún Ẹdì fún. Ifẹ̀ gbé ère rẹ̀ ró ní 2016, Ọ̀fà kò sì tìtorí ìyẹn fi ọmọ wọn sílẹ̀.

Ibi tí ìtàn ìwáṣẹ̀ ti dára jù láti yẹ̀ wò ni ibi tí ohun tí a lè wọ̀n, tí a lè díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní Èsìẹ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn, ère òkúta tó lé ní 800 ni àwọn ará ìlú bá nínú igbó nígbà tí wọ́n dé. Ọdẹ kan, Baragbọ́n, ni ìtàn sọ pé ó kọ́kọ́ rí wọn. Wọ́n ní àlejò ni àwọn ère náà, ènìyàn ẹlẹ́ran ara tó di òkúta. Ramshaw, òyìnbó ìjọ CMS tó ń bojú tó ilé ẹ̀kọ́, ló sọ fún ayé nípa wọn ní 1933. Ní 1945 ni ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tó wà níbẹ̀ ṣí, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àyẹ̀wò amọ̀ tí wọ́n hú níbẹ̀ tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1100. Àwọn tó gbẹ́ ère kò fi ìtàn sílẹ̀. Àwọn tó bá a ló fún un ní ìtàn. Irú ìtàn báyìí ni onílé tuntun fi ń bá ohun tó ṣáájú rẹ̀ gbé láìjà.

Tada, abúlé Nupe létí odò Ọya, tún lé téńté. Ère bàbà kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọkùnrin tó jókòó, tí wọ́n ní Tsoede ló gbé e wá láti Idah nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà tó sá di olórí Nupe. S. F. Nadel, nínú ìwé rẹ̀ ti 1942, fi ìgbé ayé Tsoede sí 1463 sí 1591. Ṣùgbọ́n ti Ifẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ ère náà jọ, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ṣáájú Tsoede dáadáa. Ṣé irọ́ wá ni ìtàn náà? Rárá o. Nígbà tí ère náà ṣì wà ní Tada, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń gbé e lọ sódò, tí wọ́n á fi yangí ha á lára, kí àwọn aya ilé lè bímọ, kí ẹja sì pọ̀. Orúkọ Tsoede ló fún iṣẹ́ yẹn láṣẹ.

Ìtàn àwọn wòlíì, àwọn ẹni mímọ́ Ìsìláàmù, pọ̀ ní Ìlọrin ju bí àyè ṣe gbà lọ: àdúà afáà tó mú òjò rọ̀, ọ̀tá tó dé bodè tí kò rí ìlú. Ọmọ kéwú ló ń pa wọ́n mọ́, kì í ṣe agboolé nìkan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rìn jìnnà.

Ó ku irú ìtàn kan tí àwọn olùwádìí kan máa ń fojú pa rẹ́ nítorí kò ní ọba nínú. Carl von Sydow, ará Swídìn, fi hàn ní 1934 pé ó yẹ ká ya ohun tí ẹnìkan ní ojú òun ló ṣe kúrò lára èyí tó ti dé etí kẹwàá. Àkúdàáyà ni àpẹẹrẹ Yorùbá fún èkejì yìí. Ọkùnrin kan kú ní ìlú rẹ̀, wọ́n sin ín, ó tún lọ fẹ́ ìyàwó ní ìlú mìíràn, títí ọjọ́ tí ará ilé kan fi pàdé rẹ̀ lọ́jà, tó sì pòórá. Ẹni tó ń sọ ọ́ kì í sọ pé òun ló rí i. Ọ̀rẹ́ ìyá òun ni. Nígbà tí Jan Harold Brunvand tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1981 nípa òkú tó ń wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lójú títì, ó dá ọ̀pọ̀ lára àwọn ará ibẹ̀ lójú tẹ́lẹ̀ pé ìlú àwọn ló ti ṣẹlẹ̀. Madam Koi-Koi, olùkọ́ onígigísẹ̀ gogoro tí ìró bàtà rẹ̀ ń dún ní ilé ibùsùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lóru, wà ní ilé ẹ̀kọ́ káàkiri Nàìjíríà. Ní 2004, tí fóònù alágbèéká kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ aráàlú, àhesọ gba orílẹ̀-èdè kan pé ẹni tó bá gbé ìpè láti orí àwọn nọ́ńbà kan yóò kú. Àwọn wọ̀nyí kò ní agboolé, ẹnikẹ́ni ló lè sọ wọ́n, kò sì sí ilẹ̀ tàbí oyè tí wọ́n ń jà fún. Ẹ̀rù nìkan ni wọ́n ń pín.

Ìyàtọ̀ yìí ni ó yẹ kó ṣáájú gbogbo ìsọ̀rí ní Ìlọrin: ìtàn tó ní onílé àti ìtàn tí kò ní. Ohun tó wà nínú rẹ̀, ìbáà ṣe èpè, òkúta tàbí akọni, ló tẹ̀ lé e. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde lọ gba ìtàn sílẹ̀ lágboolé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn nìkan sílẹ̀ nínú rẹ́kọ́dà. Ẹ kọ agboolé tí ẹ ti gbọ́ ọ, ẹ kọ ohun tí ìtàn náà fún agboolé náà ní ẹ̀tọ́ sí, kí ẹ sì kọjá sí agboolé kejì kí ẹ lọ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́dọ̀ tiwọn.