Láti Ṣakí sí Ìbàdàn, Ìgbà Márùndínlọ́gbọ̀n

Nígbà tí mo wà ní iléèwé girama, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Ṣakí rí kókó kan nínú ọmú rẹ̀. Àgbo ló kọ́kọ́ ń mu sí i. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, jẹjẹrẹ ni wọ́n pè é. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì ní kó lọ gba ìtọ́jú onítànṣán nílùú ńlá. Ó dé ibẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́, kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ó padà lọ. Ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ wọ́n ní kó máa wá lójoojúmọ́, láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́ Ẹtì, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ìyá yìí ò béèrè nípa àìsàn mọ́. Ohun tó bi ọmọ rẹ̀ ni pé, "Ilé ta ni n ó máa sùn?"

Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ìdí ìtàn yìí. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa jẹjẹrẹ ní Nàìjíríà, iye ẹ̀rọ la máa ń kà. Lójú tèmi, iye ìgbà tí aláìsàn gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ló yẹ ká máa kà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látòkèèrè. Ọdún 1895 ni Röntgen ṣàwárí ìtànṣán X ní Jámánì, kò sì pẹ́ tí àwọn dókítà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi jó kókó lára èèyàn. Lọ́dún 1951, wọ́n kọ́kọ́ fi kóbáltì wo aláìsàn ní Kánádà, ẹ̀rọ náà sì tàn ká gbogbo ayé. Ohun tí wọ́n ti kọ́ ni pé bí wọ́n bá da gbogbo ìtànṣán náà lé ara lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ara tó yá gágá máa jóná mọ́ èyí tó ń ṣàìsàn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún un, kí ara tó dáa lè rí òru fi tún ara rẹ̀ ṣe. Ibẹ̀ ni 25 ti wá. Ẹni tó ń gbé ní Mọ́kọ́lá lè jẹun àárọ̀ kó tó lọ, kó sì padà wá se ọbẹ̀ alẹ́. Ẹni tó ń gbé ní Kìṣí tàbí Ìgbòho ńkọ́?

Ọdún 1957 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn. Nígbà tó di 1960, wọ́n dá ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ sílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tó pẹ́ jù ní Áfíríkà. Wọ́n ń kọ orúkọ, wọ́n ń kọ irú jẹjẹrẹ àti ọjọ́ orí. Àmọ́ Èkó, ní LUTH, ni ìtọ́jú onítànṣán kọ́kọ́ dé ní ìparí àwọn ọdún 1960, ó sì di ìparí àwọn ọdún 1980 kí ẹ̀rọ kóbáltì tó dé Ìbàdàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n ọdún tí Ìbàdàn fi ń ka jẹjẹrẹ kó tó ní ẹ̀rọ yìí. (Mo mọ̀ pé kíkà náà wúlò, èmi fúnra mi ń kọ́ nípa ìtàn. Síbẹ̀, ó ń dùn mí.)

Kóbáltì fúnra rẹ̀ sì ní ìwà kan. Kò ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á. Tọ̀sán-tòru ló ń tàn, ẹ̀rọ kàn ń gbé e pamọ́ ni. Láàárín nǹkan bí ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́ta, agbára rẹ̀ á ti dín kù sí ìdajì, yálà ẹnì kan dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ tàbí kò sẹ́nì kankan. Bí wọn ò bá pààrọ̀ rẹ̀, aláìsàn tó ń lo ìṣẹ́jú méjì tẹ́lẹ̀ á máa lo mẹ́rin, ìlà á sì máa gùn sí i. Ọdún 1995 ni ti ilé ìwòsàn Mulago ní Uganda dé. Lọ́dún 2016, ó kú pátápátá, òun nìkan sì ni gbogbo orílẹ̀-èdè náà ní. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n fi Nàìjíríà nìkan ṣe ẹlẹ́yà.

Ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n ń pè ní LINAC ò ní kóbáltì nínú. Iná mànàmáná ló ń lò, iná náà ò sì gbọdọ̀ máa ṣe ségesège. Lọ́dún 2019, wọ́n ṣí ibùdó jẹjẹrẹ NSIA ní LUTH, mílíọ̀nù mọ́kànlá dọ́là ni wọ́n ná sí i. Ohun tó dáa gan-an ni. Àmọ́ Èkó tún ni.

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà ní Òkè-Ògùn, kò sí ẹ̀rọ kankan nínú wọn. Mi ò ní sọ pé kí wọ́n gbé ọ̀kan wá sí Ṣakí lọ́la, ẹni tó bá mọ iná wa ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà Móníyà sí Ìsẹ́yìn, tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 65, ti dáa sí i láyé ìjọba Mákindé, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ọkọ̀ èlùbọ́ lè já ẹrù ní Bódìjà kó sì padà sílé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Aláìsàn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà márùndínlọ́gbọ̀n. Ohun méjì ni mo rí tó lè tètè ràn wá lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, àwọn dókítà ti fi hàn pé fún ọ̀pọ̀ tó ní jẹjẹrẹ ọmú, ìgbà 15 lè ṣe iṣẹ́ tí 25 ń ṣe: ọ̀sẹ̀ méjì ti kúrò nínú rẹ̀ nìyẹn. Ìkejì ni ilé ibùwọ̀ tí kò wọ́n, nítòsí ilé ìwòsàn, fún àwọn tó wá látọ̀nà jíjìn. Ilé oníyàrá mẹ́wàá ò lè wọ́n tó ẹ̀rọ kan.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ yẹn rí ilé àna rẹ̀ kan sùn. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ló sọ pé ojú ń ti òun, pé oúnjẹ wọn lòun ń jẹ. Ó padà wálé. Káàdì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Àpótí kéékèèké 25 ló wà lórí rẹ̀, wọ́n fi àmì sí 17.