Ẹ́ńjìnì ló gbayì, bọ́dì ló ru ẹrù: ìtàn Mustang àtijọ́

Bí Ford Mustang ayé àtijọ́ bá yọ nínú fíìmù, ariwo ẹ́ńjìnì ni gbogbo wa ń gbọ́. Irin tó wà lábẹ́ ẹ̀ lèmi fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbé ẹrù tí wọ́n dì lé e lórí. 🧵

Ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1964 ni wọ́n gbé Mustang jáde ní New York. Owó ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 2,368. Kí ló mú kó kéré tó bẹ́ẹ̀? Abẹ́ Falcon ni wọ́n yá. Falcon kẹ̀, ọkọ̀ ìdílé kékeré téèyàn fi ń lọ ra ata! Mustang tó kéré jù, písítìn mẹ́fà, 101 horsepower. Fún ìyẹn, abẹ́ Falcon tó dáadáa.

Àmọ́ ọkọ̀ yìí ò ní shásì tó gùn látiwájú dé ẹ̀yìn bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Irin méjì gbé ẹ́ńjìnì níwájú, wọ́n sì parí sí abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀. Méjì mìíràn bẹ̀rẹ̀ lápá ẹ̀yìn. Àárín wọn ńkọ́? Páànù ilẹ̀ ọkọ̀ àti irin ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ó tán.

Ẹ mú páálí Indomie tẹ́ ẹ ti ya ìdérí ẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ di igun méjì mú, kẹ́ ẹ lọ́ ọ. Ṣẹ́ ẹ rí bó ṣe ń yí? Ìdí nìyẹn tí Ford fi jó àpótí irin mọ́ igun ilẹ̀ Mustang tí òrùlé ẹ̀ ṣeé ká. Àwọn tó ní òrùlé gidi ò rí i gbà nígbà yẹn.

Lọ́dún 1965, Carroll Shelby ní California sọ Mustang di GT350, 306 horsepower. Ó fi ọ̀pá kan so ilé ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún mọ́ tòsì. Ó tún fi irin kan so méjèèjì mọ́ ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti awakọ̀. Export brace lorúkọ irin kejì yìí, torí ọkọ̀ tó ń lọ sókè òkun ni Ford ń fi í sí. Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n mọ̀, àmọ́ àwọn tó rà á nílé, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ni wọ́n fún.

Ní February 14, 1965, Ken Miles fi GT350 gba ipò kìíní ní Green Valley, Texas. Fọ́tò ọjọ́ yẹn ṣì wà: táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀. Ẹ ro bọ́dì tó máa balẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

1968 ni ọ̀rọ̀ wá le. Bob Tasca, tó ń ta Ford ní Rhode Island, ti sú wọn létí pé ọkọ̀ wọn ò lágbára tó. Ni 428 Cobra Jet bá dé: 335 horsepower lórí ìwé (ọ̀pọ̀ gbà pé wọ́n dín in kù ni), torque 440 pound-feet. Torque yìí ni agbára tí ẹ́ńjìnì fi ń lọ́ nǹkan, kì í sì í ṣe táyà nìkan ló ń lọ́. Bọ́dì náà ń gbà níbẹ̀. Ford bá fi àpótí irin sí apá méjèèjì, wọ́n ki ilé ṣọ́ọ̀kì láyà. Nínú àwọn tó ní gíá ọlọ́wọ́ mẹ́rin, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn kan síwájú ààsù, èkejì sẹ́yìn ẹ̀, kó má baà máa fò.

Ti Boss 302 ọdún 1969 ló wù mí jù. Táyà fẹ̀, ó di ilẹ̀ mú débi pé ilé ṣọ́ọ̀kì ń sán nígbà tí wọ́n ń dán an wò. Àfi kí wọ́n tún un ṣe kó tó dọ́jà.

Lónìí, àwọn tó ní Mustang àtijọ́ ń jó irin gígùn sí àárín, kó so tiwájú mọ́ tẹ̀yìn. Àwọn kan ń bínú pé ó ń ba ojúlówó jẹ́. Èmi ò gbà. Èyí tó wà nínú mùsíọ́ọ̀mù, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ ń wà, tí ẹ́ńjìnì ńlá wà nínú ẹ̀, ẹ jó o. Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ti dípẹtà o, kí ọkọ̀ sì dúró lórí táyà ẹ̀ kí jórinjórin tó tanná. Tó bá jẹ́ jáàkì ló gbé àárín ẹ̀, bó ṣe wọ́ yẹn náà ló máa gan sí, ilẹ̀kùn ò sì ní pa dé dáadáa mọ́.