Ọṣẹ Inú Òkun

Bí òjò bá dá ní Dùgbẹ̀, ẹ wo omi tí ó dá rogún sẹ́bàá títì: ẹ ó rí epo mọ́tò tí ó tẹ́ lójú rẹ̀, tí ó ń dán bí òṣùmàrè. Irú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lójú òkun pẹ̀lú, kì í sì í ṣe mọ́tò ni ó dà á síbẹ̀. Bí ènìyàn ṣe mọ̀ nípa rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ní 1757, Benjamin Franklin ará Amẹ́ríkà wà nínú ọkọ̀ lójú òkun, ó rí i pé ẹ̀yìn ọkọ̀ méjì pa rọ́rọ́, ti àwọn ìyókù sì ń ru. Ọ̀gá ọkọ̀ ní bóyá àwọn alásè ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi ọlọ́ràá nù. Ìwé tí Franklin kọ lórí ọ̀ràn náà jáde ní 1774. Gbogbo ayé ń pe orúkọ rẹ̀; ta ní ń pe ti àwọn alásè?

Ẹni tí èmi ìbá kọ́kọ́ dárúkọ ni Agnes Pockels, ọmọbìnrin Jámánì tí a bí ní 1862. Nígbà èwe rẹ̀ a kì í gba obìnrin sí yunifásítì níbẹ̀. Nílé àwọn òbí rẹ̀ ní Braunschweig ni ó ti ṣe ọpọ́n kan, tí ó ń fi wọn bí ọ̀rá ṣe ń sọ agbára ojú omi di ọ̀lẹ. Ó kọ lẹ́tà sí Lord Rayleigh ní 1891. Ìyẹn kò fi pamọ́, ó mú kí ìwé Nature tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún náà. Ó di 1932 kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìlú rẹ̀ tó fi oyè dá a lọ́lá. Ẹni àádọ́rin ọdún ni nígbà náà!

Àwọn ewéko tíntìntín tí ń léfòó lójú òkun ni wọ́n ń tú ohun tí mò ń pè ní ọṣẹ yìí jáde. Apá kan rẹ̀ fẹ́ omi, apá kejì kọ omi, nítorí náà láàárín omi òun afẹ́fẹ́ ni ó ń dúró sí. Ọṣẹ dúdú tí àwọn ìyá wa ń fi eérú àti àdín sè, ìwà kan náà ni ó ń hù. Lẹ́bàá Ghana, omi tútù a máa ti ìsàlẹ̀ òkun ru sókè láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án; ewéko wọ̀nyí a sì pọ̀ jọjọ, ẹja a yó.

Ṣùgbọ́n awọ náà ń dí èémí òkun lọ́wọ́. Òkun ní ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin èéfín kábọ́nì tí àwa ènìyàn ń tú sáfẹ́fẹ́. Ní 2018, Ryan Pereira àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí omi tí wọ́n bù láti àríwá dé gúúsù òkun Atlantic: awọ náà ń dín ìgbà-fún afẹ́fẹ́ yìí kù ní ìdá 2 sí 32 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí kò bá kà á kún ìṣirò, ohun tí yóò sọ pé òkun ń gbé mì lè ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n sì rí i pé níbi tí omi gbé gbóná ni ìdínà náà ti ń le jù. Bẹ́ẹ̀ ni òkun ayé ń gbóná sí i.