Ìgbálù kì í ṣe nọ́ọ̀kì

Ní ọgbà mẹkáníìkì láti Ìlaròó títí dé Ìbàdàn, gbólóhùn kan wà tí ẹni tó ní ọkọ̀ kì í fẹ́ gbọ́: “Ẹ́ńjìnnì yín ti nọ́ọ̀kì.” Ohun tí mẹkáníìkì ń sọ ni pé ọ́ìlì ti gbẹ tàbí pé omi ti tán, irin ti ń jẹ irin nínú lọ́hùn-ún, kí ẹni náà tètè máa wá owó ẹ́ńjìnnì mìíràn. Ọ̀rọ̀ yìí ti di ti Yorùbá. Ó ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀, kò sì sí ìgbìmọ̀ tó lè gbà á lẹ́nu àwọn tó ń lò ó.

Ibi tí wàhálà wà ni pé bí sìkánà, ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ọkọ̀ wò, bá gbé kóòdù P0325 jáde, nọ́ọ̀kì yìí náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi ṣíwájú àlàyé rẹ̀. Kóòdù náà kò sì sọ pé ẹ́ńjìnnì kú. Ohun tó ń sọ ni pé ìhìn tó yẹ kó máa wá láti ara ohun kékeré kan tó ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì kò wọlé bó ṣe yẹ. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fi nọ́ọ̀kì ti ọgbà ka kóòdù yìí, ẹ́ńjìnnì tó yè ni yóò tú sílẹ̀.

Issaba, lábẹ́ Pobè ní ẹkùn Plateau ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni ọkàn mi máa ń lọ bí mo bá ń ro ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé èdè mẹ́ta ló ń pàdé lórí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ní àgbègbè yẹn. Ọkọ̀ àlòkù gba èbúté Kutọnu wọlé, Faransé ni ìwé rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni sìkánà tó ti Nàìjíríà wá ń sọ. Nàgó tàbí Ọ̀họ̀rí ni ọ̀gá fi ń pàṣẹ fún ọmọ iṣẹ́. Cliquetis ni Faransé ń pe ìró tí à ń wí yìí, ìyẹn ìró wẹ́wẹ́ tí irin máa ń dún bó bá ń kan ara. Tiwọn sàn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, torí pé kò bá ẹ́ńjìnnì tó kú pín orúkọ.

Ẹ jẹ́ ká wo nǹkan náà fúnra rẹ̀ kí a tó sọ ọ́ lórúkọ. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ń lo ẹ̀sáńsì, písítìnì á fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ra, púlọ́ọ̀gì á ṣáná sí i ní ojú kan, iná á sì máa jó lọ láti ojú kan yẹn títí yóò fi dé ògiri lódì kejì. Ó yára gan-an, àmọ́ jíjó náà ni. Nígbà mìíràn, èyí tó ṣẹ́kù sí igun, tí iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á gbóná, á há, á sì gbiná fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Agbára rẹ̀ á wá máa gbá lu ògiri sílíńdà àti orí písítìnì, síwá sẹ́yìn, bí ìgbà 6,000 sí 7,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí sílíńdà bá ṣe fẹ̀ sí ló ń pinnu iye rẹ̀. Awakọ̀ á gbọ́ ta-ta-ta bó bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè jẹ orí písítìnì.

Epo tó tètè ń gbiná fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń fà á. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Pobè àti Sakété, kpayo, ìyẹn epo fàyàwọ́ inú ìgò, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà, kò sì sí bí ẹni tó rà á ṣe lè mọ ohun tí wọ́n dà mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ìró yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1921, Thomas Midgley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní General Motors rí i pé èròjà olójèé kan tí a bá pò mọ́ epo ń pa á lẹ́nu mọ́. Òjé náà ṣe ọpọlọ àwọn ọmọdé lọ́ṣẹ́ káàkiri ayé. Oṣù Keje 2021 ni Àlùjíríà, orílẹ̀-èdè tó tà á kẹ́yìn fún ọkọ̀, dá a dúró. Lónìí, ọkọ̀ ń fetí sí ẹ́ńjìnnì ara rẹ̀, bó bá sì ti gbọ́ ìró náà, á jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì ṣáná pẹ́ díẹ̀.

Kí wá ni ká pè é? Ìkànkùn ni ẹni tó ń túmọ̀ lójú ìwé máa kọ́kọ́ mú, ṣùgbọ́n àlejò ló ń kànkùn, ilẹ̀kùn ló sì ń kàn. Mo rò ó títí pé ká sọ pé epo ń ta, nítorí bí nǹkan ṣe ń ta nínú iná bá ìró náà mu dáadáa. Àmọ́ níbi tí títà epo ti jẹ́ òwò ojoojúmọ́, tí ọ̀pọ̀ kì í sì í fi àmì ohùn sí ohun tí wọ́n kọ sórí fóònù, “títa epo” kò ní yàtọ̀ sí ọjà. Ìbúgbàmù ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yẹn ti di ti bọ́ǹbù àti ti tánkà epo. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, iná jó ibi tí wọ́n ń kó kpayo pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mi ò ní fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dẹ́rù ba ẹni tí wáyà lásán já lára ọkọ̀ rẹ̀.

Ìgbálù ni mo dúró lé. Agbára iná gbá lu irin: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn, ìró rẹ̀ sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kí nọ́ọ̀kì máa jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì tó ti kú, kí ìgbálù sì jẹ́ ti èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ.

Ohun tó ń gbọ́ ọ, etí-ìgbálù ni. Mi ò bá ẹni tó ń pe gbogbo irú ohun bẹ́ẹ̀ ní sẹ́ńsọ̀ jà, ṣùgbọ́n èyí ń gbọ́ràn ní tòótọ́. Inú rẹ̀ ni òkúta pẹlẹbẹ kan wà tó máa ń mú iná jáde bí ìgbọ̀nrìrì bá tẹ̀ ẹ́, irú ìṣe tí Pierre Curie àti Jacques ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣàwárí ní 1880. Bóòtù ló dè é mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìwọ̀n fífún bóòtù yẹn kò ju nǹkan bíi Newton-mítà 20 lọ. Bí ó bá dẹ̀, tàbí tí a fún un jù, tàbí tí ìpẹtà wà lábẹ́ rẹ̀, etí náà kò ní gbọ́ dáadáa mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù nínú kóòdù P0325 kì í ṣe ìgbálù rárá. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní sẹ́kíìtì ni, ọ̀nà tí iná ń gbà lọ tó sì gbọ́dọ̀ gbà padà. Àlọ-àbọ̀ iná ni mo pè é. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ iṣẹ́ ti gbọ́ pé bí àlọ bá wà tí àbọ̀ kò sí, iṣẹ́ kò ṣe nìyẹn. Àwọn oníwáyà ti ní ọ̀rọ̀ tó kù: wọ́n á ní ó já, tàbí ó bírìjì. Mi ò rí ìdí tí a ó fi pààrọ̀ wọn. P0325 wá di “àlọ-àbọ̀ iná etí-ìgbálù kò péye, ìhà kìíní”. P0327 ni “ìhìn etí-ìgbálù kéré jù”, P0328 ni “ìhìn rẹ̀ pọ̀ jù”.

Ẹ wo bí gbólóhùn yẹn ṣe ń darí ọwọ́. Ẹni tó gbọ́ àlọ-àbọ̀ kò ní gbé sípánà sí orí ẹ́ńjìnnì. Ibi tí wáyà ti so ni yóò kọ́kọ́ lọ, nítorí pé ẹrẹ̀ dúdú ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ nígbà òjò, omi á wọ ojú ìsopọ̀, idẹ á sì dípẹtà. Yóò wò ó bóyá eku ti jẹ wáyà. Yóò yọ ìsopọ̀, yóò fi mítà wọn etí náà: ti oníwáyà méjì lára ọ̀pọ̀ Toyota gbọ́dọ̀ wà láàárín kilo-óòmù 120 sí 280 bí kò bá gbóná. Yóò wọn wáyà láti ibẹ̀ dé bíréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ̀rọ tó ń ya ìrìn iná sójú gíláàsì bá wà, yóò fi òòlù kékeré kan ara ẹ́ńjìnnì lẹ́bàá etí náà jẹ́jẹ́, yóò sì wò ó bóyá ìhìn jáde. Lára Toyota Camry tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1MZ-FE, abẹ́ páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé ni etí méjèèjì wà, láàárín ìhà méjì. Iṣẹ́ ńlá ni láti tú u dé ibẹ̀, ìdí nìyí tó fi yẹ ká yẹ gbogbo wáyà tí ọwọ́ lè tó wò ṣáájú. Ní gbogbo ìgbà yẹn, bíréènì bọ́ọ̀sì tí kò gbọ́ ìhìn á kàn máa ṣáná pẹ́ kí ẹ́ńjìnnì má baà bàjẹ́. Ọkọ̀ á wúwo, á sì máa mu epo.

Ọ̀rọ̀ ìhà tó wà nínú ìtumọ̀ P0325 náà gba ìṣọ́ra. Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìhà ẹ́ńjìnnì ní báǹkì, ẹ̀rọ ìtumọ̀ sì lè sọ ọ́ di ilé ìfowópamọ́. Ìhà kìíní ni èyí tí sílíńdà kìíní wà.

Iṣẹ́ sísọ nǹkan lórúkọ báyìí ti wà tipẹ́: ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ jáde, iṣẹ́ pàtàkì sì ni, ṣùgbọ́n olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn mẹkáníìkì náà tọ́ sí irú rẹ̀, kí ó sì jẹ́ èyí tí ará Issaba àti ará Ìlaròó lè jọ lò. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dára ju ìgbálù lọ, kó mú un wá. Kó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó sì wo ibi tí ọwọ́ ọmọ náà máa lọ: bó bá lọ síbi wáyà, ẹ jẹ́ ká gba ọ̀rọ̀ yẹn.