Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ Tí Ń Kó Kẹ̀kẹ́: Ìtàn Tí Ó Wà Nídìí Yíyàn Rẹ̀

Àbúrò mi kan wà ní Ìbàdàn tí ó ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere àti alùpùpù ṣe, tí ó sì ń ra àwọn tí ó ti gbó láti tún wọn tà. Ó ránṣẹ́ sí mi pé òun fẹ́ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan tí òun yóò máa fi kó wọn láti Èkó wá sí ṣọ́ọ̀bù òun, ó sì bèèrè èyí tí ó yẹ kí òun rà. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, owó òwò rẹ̀ ni ó lọ yẹn. Ó sì ti ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rí, bí n óò ṣe sọ láìpẹ́. Mo ní kí ó fún mi ní ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí mo jókòó ro ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé kò sí ọkọ̀ kan tí ó dúró sí ọgbà àwọn olùtà tòkunbọ̀ tí kò ní ìtàn tí ó gbé e débẹ̀, ẹni tí kò sì mọ ìtàn náà ni wọ́n sábà máa ń ta èyí tí kò wúlò fún.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ orúkọ rẹ̀ wò. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wá sílé ni àwọn baba wa ń sọ ní Tòkunbọ̀: Adétòkunbọ̀, Ọlátòkunbọ̀, Ọmọ́tòkunbọ̀. Orúkọ ọlá ni. Nígbà tí aṣọ àlòkù dé, a pè é ní bọ̀síkọ̀rọ̀, ìtìjú sì wà nínú orúkọ yẹn, nítorí pé kọ̀rọ̀ ni ẹni tí ń rà á ń bọ́ sí kí ojúlùmọ̀ má baà rí i. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àlòkù jogún orúkọ ọmọ. Lójú tèmi, orúkọ yìí ń tan ènìyàn jẹ díẹ̀. A kì í bi ọmọ tí ó ti òkun bọ̀ léèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ ni a gbọ́dọ̀ bi.

Kí tòkunbọ̀ tó gbòde, kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn ra ọkọ̀ nítorí kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ni ọrọ̀. Ẹni tí ó bá ní Raleigh tí wọ́n ṣe ní Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn pàtàkì ni: olùkọ́, akọ̀wé, àgbẹ̀ oníkòkó tí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀. Bí ìrìn-àjò bá jìn, yóò wọ bọ́lẹ̀kájà, ìyẹn ọkọ̀ akẹ́rù bíi Bedford tàbí Austin tí àwọn káfíńtà ilé wa fi pákó kan ara rẹ̀, wọn yóò sì fi okùn de kẹ̀kẹ́ náà mọ́ òkè ọkọ̀, láàárín àpò gaàrí àti àgò adìyẹ. Orúkọ ọkọ̀ yìí fi hàn pé ìjà kì í wọ́n láàárín èrò àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Kò ní yà mí lẹ́nu bí ó bá jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ tí sípóòkù rẹ̀ wọ́ wà lára ohun tí ń dá ìjà sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ ní apá òsì títì, ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí sí ọ̀rọ̀ awakọ̀ nìkan, ṣùgbọ́n òun ni ó pín ọkọ̀ ayé sí méjì fún ẹni tí ń ra àlòkù. Àwọn aládùúgbò wa tí Faransé ṣàkóso, Dàhòmì tí ó di Benin ní 1975 àti Tógò, ti ń wa ọkọ̀ ní ọ̀tún tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Japan kò kúrò ní òsì títí di òní. Nínú ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì tiwọn, sítíárì wà ní ọ̀tún, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tí a ń fà sì wà ní òsì, níbi tí etí títì wọn wà. Bí a bá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá sí Èkó, àárín títì ni ilẹ̀kùn náà yóò máa ṣí sí. Àwọn mẹkáníìkì wa lè gbé sítíárì kúrò ní ọ̀tún sí òsì. N kò tíì rí ẹni tí ó gbé ilẹ̀kùn.

Ọdún 1975 ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, tí Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní Èkó. Owó epo rọ̀bì ń ya wọlé, àfikún owó oṣù tí ìgbìmọ̀ Udoji dábàá ní 1974 sì ti sọ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba di ẹni tí ń ra alùpùpù àti ọkọ̀ tuntun. Ta ni yóò wá àlòkù lọ nígbà náà? Èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu jù lára ọkọ̀ ìgbà náà ni Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù, tí ó jáde ní 1979. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. A ó fi pákó gun alùpùpù sí i, a ó sì fi okùn dè é lọ́tùn-ún lósì. Mẹkáníìkì tí ó mọ̀ ọ́n kò wọ́n ní ìlú kankan. Àléébù rẹ̀ ni pé òjò àti olè kò rí ìdíwọ́ kankan lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìgbà rere náà kò pẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986, ìjọba Ọ̀gágun Babangida dá ọjà tuntun sílẹ̀ fún pàṣípààrọ̀ owó, lábẹ́ ètò tí a mọ̀ sí SAP. Náírà, tí ó ti ju dọ́là lọ rí, wálẹ̀ débi pé ní 1987, bíi náírà mẹ́rin ni dọ́là kan. Ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ àti akọ̀wé. Ọkọ̀ àlòkù wá ń rọ́ wọlé, láti èbúté bíi Antwerp ní ilẹ̀ Belgium, gba Kútọnu wọ Èkó. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń pe ohun àlòkù ní Belgium, ìbáà jẹ́ táyà, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ amómitutù.

Lára àwọn tí ó gba ìgboro Èkó ni bọ́ọ̀sì Volkswagen, èyí tí a kùn ní àwọ̀ òféefèé tí a sì ń pè ní dánfó. Ìtàn rẹ̀ dùn. Ará ilẹ̀ Netherlands kan, Ben Pon, ni ó ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé kékeré ní oṣù Kẹrin ọdún 1947, lẹ́yìn tí ó rí ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń kó irin kiri nínú ilé-iṣẹ́ Volkswagen ní Wolfsburg. Ní 1950, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Awakọ̀ jókòó sí iwájú pátápátá, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, ẹrù wà láàárín. Ètò yìí dára fún èrò àti fún àpótí. Kò dára fún kẹ̀kẹ́.

Irú bọ́ọ̀sì yìí ni àbúrò mi kọ́kọ́ rà ní ọjọ́sí, ìran kẹta rẹ̀ tí ó jáde ní 1979. Owó pọ́ọ́kú ni. Ó yọ àga ẹ̀yìn, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì rí i pé orí ẹ́ńjìnnì ga bí tábìlì. Kẹ̀kẹ́ kò lè nàró níbẹ̀ nítorí òrùlé, ibi tí ó rẹlẹ̀ láàárín kò sì gùn tó. Ó wá tò wọ́n lé ara wọn bí igi ìdáná. Nígbà tí ó fi dé Ìbàdàn, sípóòkù ti wọ́, ọ̀dà ti bó, owó tí ó yẹ kí ó jẹ́ èrè sì bá àtúnṣe lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ ó ta ọkọ̀ náà ní ìdajì iye tí ó rà á.

Ní 1990, Volkswagen gbé ìran kẹrin jáde, ẹ́ńjìnnì sì bọ́ sí iwájú. Ilẹ̀ ọkọ̀ náà di pẹlẹbẹ láti ẹ̀yìn àga awakọ̀ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó tún rẹlẹ̀, nítorí pé táyà iwájú ni ó ń fa ọkọ̀. Kò sí irin gbọọrọ lábẹ́ rẹ̀ tí ń gbé agbára lọ sẹ́yìn. Toyota Hiace, tí ó ti wà láti 1967, gba ọ̀nà mìíràn: abẹ́ àga iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sábà máa ń wà. Ẹ̀yà rẹ̀ kún ọjà Ládípọ̀. Òun ni ìbá wù mí jù, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kọ̀ èrò ń dù ú, owó rẹ̀ sì ga.

Nítorí náà, nígbà tí àbúrò mi fi àwòrán Hiace kan ránṣẹ́, tí owó rẹ̀ fi wọ́lẹ̀ gan-an, mo béèrè ibi tí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà. Òsì ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá, wọ́n ti gbé sítíárì rẹ̀ kúrò. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀. Mo tún ní kí ó mú okùn tí ó gùn ní mítà méjì dání lọ sí ọgbà ọkọ̀, nítorí pé alùpùpù fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó bẹ́ẹ̀, kí ó nà án sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kí ó tó dúnàádúrà. Kí ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí ó sì wo abẹ́ ọkọ̀: ní Yúróòpù, wọ́n ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù, iyọ̀ náà a sì máa jẹ irin ìsàlẹ̀ nígbà tí ara òde ṣì ń dán. Kí ó béèrè ìwé aṣọ́bodè pẹ̀lú, nítorí pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé; ọkọ̀ tí ó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú láti Kútọnu lè di ti aṣọ́bodè lójú ọ̀nà Ìbàdàn.

Ó ra Volkswagen ìran kẹrin kan tí ó ti Jámánì wá, tí sítíárì rẹ̀ wà ní òsì láti ilé-iṣẹ́. Ìpẹtà díẹ̀ wà ní ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó fi ìyẹn dín owó rẹ̀ kù. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ fi kó ẹrù, ó pè mí. Kẹ̀kẹ́ márùn-ún àti alùpùpù kan wọ inú rẹ̀, gbogbo wọn dúró lórí táyà wọn. Kẹ̀kẹ́ kẹfà kò ráyè wọlé, ni ó bá wá okùn, ó dè é mọ́ òkè.