Ìdógùn-ún

Ìdógùn-ún ni ohun pupa tó ń bo irin tí omi àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ bá ti kàn. Irú rẹ̀ ló mú kí yangí ilẹ̀ Ìlọrin pọ́n. A lè na ìtumọ̀ rẹ̀ dé orí bàbà àti máńgáníìsì tó bá ti gba ọ́síjìn sára. Ìbàjẹ́ lásán kọ́ ni ìdógùn-ún; ó lè ṣèrànwọ́ láti pa oru olóró run. Fún àpẹẹrẹ, oru bẹntiróòlù ní bẹnsíìnì nínú, èyí tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Bí oru náà bá gba orí ìdógùn-ún tó gbóná dáadáa kọjá, ọ́síjìn ara ìdógùn-ún yóò sọ bẹnsíìnì náà di omi àti kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì. Ìdógùn-ún yóò sì fa ọ́síjìn mìíràn láti inú afẹ́fẹ́ dípò èyí tó lò, kí iṣẹ́ lè máa bá a lọ.